Ife Onílà Pupa

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni pé mo máa ń pa nǹkan kéékèèké kí n lè mọ ohun tó ń pa wọ́n. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Dókítà ti tún bẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ ńbẹ̀. Màá bu omi odò, màá dà á sínú àwo gíláàsì kékeré, màá kó kòkòrò omi mẹ́wàá sí i. Kòkòrò náà ò tóbi ju èérún gàrí lọ, ó kàn ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi ni. Ní ọjọ́ kejì màá padà wá kà wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta màá tún kà wọ́n. Mélòó ló ṣì ń ta? Mélòó ló ti dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀? Gbogbo ìwé tí mo kà láti Ìbàdàn dé Tòróńtò, orí kíka kòkòrò ló parí sí.

Àwọn èèyàn rò pé májèlé tó lórúkọ gígùn ni mo ń lé kiri. Mo ti lé ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ìdajì ayé mi níbí, iyọ̀ ni. Iyọ̀ lásán, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú ọbẹ̀ yín. Tí wíńtà bá dé, wọn á máa dà á sójú títì, sẹ́nu ọ̀nà, sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, kí yìnyín má bàa gbé èèyàn ṣubú. Tí yìnyín bá yọ́, iyọ̀ náà á bá omi lọ sódò. Kì í rà, kì í jóná, afẹ́fẹ́ kì í gbé e lọ. Àwọn ẹja kéékèèké àti ìṣáwùrú tó wà nísàlẹ̀ odò kò ní ibi tí wọ́n lè sá gbà. Mo ti bu omi odò láàárín ilé alájà gíga méjì rí ní oṣù kejì ọdún, tí mo rò pé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́, torí pé iyọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òkun.

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ títí ẹnu fi bó mi. Wọn á fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ tèmi, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn á sì pe ẹlòmíì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bójú tó títì bi mí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Tí ẹnì kan bá wá ṣubú ńkọ́, mà?" Mo ní kí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìdáhùn yẹn lọ sílé bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ẹ wá lọ sọ fún Yorùbá pé iyọ̀ burú. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, ìyá mi gbé iyọ̀ wá láti Ìbàdàn nínú ọ̀rá, wọ́n dì í mọ́ àárín aṣọ, torí pé wọn ò fẹ́ fi iyọ̀ tí wọn ò mọ ibi tó ti wá sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n fi kan ahọ́n ọmọ náà, wọ́n ní kí ayé rẹ̀ dùn. Síbẹ̀, kò sí ọmọ tó dàgbà ní àgbàlá ilé tí kò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ekòló. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ alájọgbé wa bu iyọ̀ nínú ilé ìdáná, tí a ń wọ́n ọn sórí ekòló tí òjò lé jáde. Wọ́n ń ká kò, wọ́n ń yí, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi jáde. Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n gba ike iyọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka kan bù díẹ̀, wọ́n fi sí egbò tó wà ní orúnkún mi. Nígbà tí mo sunkún tán, wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò." Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo ní kí ìyá mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ní ìlú yìí kì í ṣe òtútù, yìnyín ni. "Ilẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀," bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn. Látìgbà tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń fọwọ́ tẹ ògiri rìn níta. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mọ́mì, oṣù kẹsàn-án la ṣì wà, yìnyín ò tíì dé." Wọ́n á ní, "Àbí kò ní wá?" Inú ilé ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn. Èmi wà ní lábù, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, ọmọ mi sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Wọ́n á bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Òun á ní, "I'm good, Grandma." Wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní ṣé ó ti jẹun ni àbí kò tíì jẹun? Ọjọ́ Sunday nìkan ni wọ́n máa ń jí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń fèsì bó ṣe yẹ.

Mo mú wọn lọ sí lábù lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè rí ohun tí mo ń lé kiri. Mo fi kòkòrò kan sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo ní kí wọ́n wò ó. Ara kòkòrò náà mọ́ gaara, èèyàn lè rí ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù. Wọ́n pẹ́ lórí awò yẹn. Wọ́n ní, "Ọkàn rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sì máa pa á." Mo ṣàlàyé pé a ń pa díẹ̀ kí ọ̀pọ̀ má bàa kú. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Woodbridge, lẹ́bàá Tòróńtò, láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Lápá ọ̀tún, àwọn tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ni. Lápá òsì, ibi tí wọ́n ń kó táìlì sí ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ̀ pé wọ́n ń yin Ọlọ́run níbẹ̀ àfi tó bá gbọ́ orin. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lọ síbẹ̀ kí n tó yà sẹ́yìn ilé náà lọ́jọ́ kan láti dáhùn fóònù. Odò kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá, ó ń gba abẹ́ ọgbà oníwáyà wọ inú igbó. Etí rẹ̀ funfun. Mo rò pé sínóò ni, yìnyín funfun tó máa ń rọ̀ bí òwú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án, mo fi lá. Iyọ̀ ni. Ojú páàkì wa, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ló ti ń ṣàn wá.

Ẹni tó ń bójú tó páàkì náà ni díákónì kan, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ní wíńtà àkọ́kọ́ tó lò ní Kánádà, yìnyín gbé e ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kán. Láti ìgbà náà ló ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni ò ní ṣubú níbi tí òun bá wà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ Sunday, á máa fi ọwọ́ méjèèjì bu iyọ̀ nínú àpò, á máa fọ́n ọn bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Ojú páàkì á funfun, bàtà wa á funfun, kápẹ́ẹ̀tì inú ṣọ́ọ̀ṣì náà á funfun. Àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tí ìyá mi bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ló máa ń na ọwọ́ sí wọn, á ní, "Ẹ rọra, Mọ́mì, mo ti da iyọ̀ síbẹ̀ dáadáa." "Ọmọ mi" ni ìyá mi ń pè é.

Mo bu omi ẹ̀yìn ilé yẹn lọ sí lábù. Kòkòrò mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, kò sí ọ̀kan tó ta. Mo ti rí irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n èyí dùn mí lọ́tọ̀, torí pé àwa la ṣe é. Mo ya fídíò rẹ̀. Mo bẹ pásítọ̀ pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìn. Mo gbé e sójú ògiri níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ orin sí. Mo fi àwọn kòkòrò tó ń ta nínú omi tó mọ́ hàn wọ́n, mo sì fi tiwa hàn wọ́n. Àwọn ìyá àgbà káàánú wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀dá Ọlọ́run náà ni." Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tí àwa bíi mélòó kan ń kà láàárín ara wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn èèyàn mi gbọ́ ọ tí wọ́n sì fẹ́ ṣe nǹkan kan sí i.

Mo ra ife oníke kan, mo fi máàkà pupa fa ìlà sí i lára. Mo pe díákónì, mo ní, "Wò ó. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí. Ife kan fún ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta lè dúró sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Auntie."

Ohun tí mi ò sọ fún un ni mo fẹ́ sọ níbí. Òfin ife yẹn wà fún ọjọ́ tí sínóò bá rọ̀ díẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá kàn dì. Irú òjò kan wà tó máa ń rọ̀ ní ìlú yìí: omi lásán ni lókè, bó bá ti kan ilẹ̀ ló ń di yìnyín, gbogbo ilẹ̀ á sì máa dán bí gíláàsì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ife kan ò tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ dà á, kó tún dà á, kó da yanrìn lé e, tàbí kó kúkú tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ nínú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má sọ ọ́ ni. Mo mọ àwọn èèyàn mi. Tí mo bá ní "àfi ọjọ́ tí òjò yìnyín bá rọ̀," gbogbo Sunday ló máa di ọjọ́ òjò yìnyín lójú wọn, kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n á ti padà sí àpò àti ọwọ́ méjèèjì. Ṣé àwa tí a máa ń ní kí wọ́n fi èènì kún gbogbo nǹkan tí a bá rà? Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Mo tún wá ń ṣọ́ wọn. Sunday dé Sunday, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, màá gba ẹ̀yìn ilé, màá ki ẹ̀rọ mi bọ omi, màá wo iye iyọ̀ tó gbé jáde. Odò náà ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iye náà lọ sókè. Mo yọ síwájú ilé, mo bá díákónì níbi tó ti ń darí ọkọ̀, mo ní níṣojú gbogbo èèyàn, "Ṣé ìlà pupa yẹn ò hàn sí ẹ ni, àbí kí n fi àwọ̀ mìíì fà á? Àgbàlagbà bíi tìẹ, o ò lè fi ife lásán wọn nǹkan." Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹríba, ó ní, "Ẹ má bínú, Auntie. Ẹ ò ní rí i mọ́." Bí a ṣe ń lọ sílé, ìyá mi ní, "O lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́." Mo ní jẹ́jẹ́ kì í wọ etí àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní, "Ó wọ tìẹ."

Ní Sunday tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òjò ti ń rọ̀ kí a tó jí. Àwọn ẹ̀ka igi ń dán. Ọkọ mi ní ká jókòó sílé. Èmi ni mo ní ká lọ. Mo ní iyọ̀ ojú títì máa ṣàn wọ odò lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ bu omi, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ lọ́dún. Ìyá mi ní àwọn náà ń lọ, àwọn ò ní dá jókòó sílé lọ́jọ́ Olúwa. Mo wọ bàtà iṣẹ́ mi tó ní ìṣó kéékèèké lábẹ́. Ìyá mi wọ èyí tí mo rà fún wọn, tó ní irun àgùntàn nínú, tó ń mú ẹsẹ̀ móoru, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú.

Nígbà tí a dé ẹnu páàkì, mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí n sọ̀, kí n lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Ìyá mi ní, "O ò ní mú mi wọlé?" Mo ní, "Àna yín wà pẹ̀lú yín, Mọ́mì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni." Wọ́n ní kò burú. Mo rí díákónì lókèèrè tó dúró ti àpò iyọ̀. Mo gbé ọwọ́ tí ìgò wà sókè, mo juwọ́ sí i, òun náà sì juwọ́ padà.

Mo bu omi náà. Mo kọ ọjọ́ àti aago sára ìgò. Mo ń dé e lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí ọkọ mi ń pe orúkọ mi, kì í sì ṣe bó ṣe máa ń pè é. Nígbà tí mo yọ síwájú, ìyá mi wà nílẹ̀, gèlè wọn ti yí, ẹsẹ̀ wọn kan yà sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yà sí. Wọn ò sunkún. Wọ́n rí mi tí mo ń sáré bọ̀, wọ́n ní, "Má sáré. Ìwọ náà á ṣubú." Bàtà oníṣòó ló wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò lè ṣubú. Díákónì kúnlẹ̀ tì wọ́n nínú omi, ife onílà pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Egungun ìbàdí wọn ló ṣẹ́. Àwọn dókítà ọsibítù ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ní ó dáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kún, bó ṣe máa ń ṣe arúgbó tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́. Èmi ń ka nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tó wà lókè orí wọn, torí pé kíka nǹkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá mi ní kí n yéé wo ògiri, kí n máa wo àwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, díákónì wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wọlé rò pé ó dákú ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Iyọ̀ tí mo dà ò tó. Ẹ̀bi mi ni." Ìyá mi ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn tutù." Ó dìde, ó kọjú sí mi, ó ní, "Auntie, ẹ dárí jì mí." Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ọlọ́run á dá sí i." Ìyẹn ni mo rí sọ. Mo jẹ́ kó gbé ẹrù mi jáde nínú yàrá yẹn, kó gbé e lọ sí Malton.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi yíjú sí mi. Wọ́n wá ní, "Ife yẹn, ìwọ lo fún un, àbí?" Mo ní èmi ni. "Irú òjò ọjọ́ yẹn, ṣé o kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é?" Mo ní rárá. "O mọ̀ ọ́n?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọn ò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú. Wọ́n ní, "Ohun tí tíṣà bá yọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, a kì í torí rẹ̀ na ọmọ. Lọ sọ fún un." Mo ní màá lọ. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó pẹ́."

Ó pẹ́. Ìyá mi kú ní ọjọ́ Thursday kan tí oòrùn ràn dáadáa, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣubú. Mo gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, a sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Gbogbo èèyàn ń sọ pé wọ́n gbó, wọ́n tọ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tiwa náà sin wá. Tí wọ́n bá bi mí ní ohun tó pa wọ́n, mo ń sọ pé yìnyín ni. Mi ò sunkún. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé mo ní ìgboyà.

Nígbà tí mo padà dé, díákónì ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ páàkì sílẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti mú ọwọ́ kúrò lára òun. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń da iyọ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ fún ara mi pé màá lọ sí Malton. Ìpàdé wà. Ìwé kan wà tí mo ní láti parí. Ọkọ̀ mi ń dún. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ojú ló ń tì mí. Níṣojú gbogbo ayé ni mo ti bú ọkùnrin yẹn, kí ni mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún un ní kọ̀rọ̀?

Oṣù karùn-ún ni mo tó lọ. Ilé alájà púpọ̀ kan ló ń gbé, bàálù ń fò kọjá lókè rẹ̀ débi pé a ní láti dákẹ́ kó lọ tán ká tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó, ó ki ọwọ́ bọ àárín itan. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé ife kan ò lè tó lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pa mọ́ fún un ni. Mo ní ìyá mi ti rán mi sí i kí wọ́n tó kú, mo sì fi falẹ̀. Mo ní kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ara máa tù ú.

Ó dúró kí bàálù kan kọjá. Ó ní, "Auntie, èmi náà mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpò iyọ̀. Mo ti kà á láti ọdún tí mo dé." Mo ní, kí ló dé tí kò wá dà á? Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ti ṣí àpò náà. Mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ síbi tí àwọn ìyá àgbà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wá rí yín tí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ẹ juwọ́ sí mi. Mo ní, Dókítà ń lọ wo omi nìyẹn. Tí mo bá dà á, wọ́n máa rí i. Mo bá di àpò padà, mo fi ife bù ú." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kó má dùn mí.

Níwájú rẹ̀ ni mo ti sunkún ìyá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi, jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Omi ọjọ́ yẹn ńkọ́, Auntie? Ṣé ó mọ́?" Mo ní mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ lọ wò ó. Ká ṣáà mọ̀."

Ìgò náà ṣì wà nínú fíríìjì lábù, lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù, níbi tí mo tì í sí kí n má bàa máa rí i. Iyọ̀ inú omi kì í yí padà, oṣù mélòó kan ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Ní aago yẹn, ìyá mi ṣì wà lórí ìdúró. Mo da omi náà sínú àwo, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo kó kòkòrò mẹ́wàá sí i. Ní ọjọ́ kejì mo kà wọ́n, mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Mo ti rò pé iyọ̀ ojú títì máa pa wọ́n, kò pa wọ́n. Páàkì wa ló ń ba odò yẹn jẹ́ látilẹ̀, mo sì ti dá a dúró. Láti ìgbà tí mo ti ń bu omi níbẹ̀, kò sí èyí tó mọ́ tó o.

Tí ìdánwò bá parí, ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká da ọtí lé àwọn tó yè kí wọ́n kú, torí pé a kì í lò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé ọtí náà, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo fún wọn lóúnjẹ, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo wá pe díákónì. Mo ní, "Gbogbo wọn ló yè. O ṣe é bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, o ò kọjá ìlà." Kí n tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Auntie." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí sí ọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́.